Lẹ́tà sí Olóòtú: Ta ló ń sanwó àkókò tírélà tó há sínú tẹ́mínà?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń ka ohun táwọn èèyàn ń kọ lórí èbúté Àpápá àti Tin Can. Ọ̀rọ̀ títì ni gbogbo wọn ń sọ: ihò ojú títì, tírélà tó tò láti Mile 2 dé Tin Can, àwọn tó fi igi dábùú ọ̀nà tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ dírẹ́bà. N kò bá wọn jiyàn. Ẹni tó gbé Sùúrùlérè ní 2018 àti 2019 kò lè gbàgbé bí tírélà ṣe gba Western Avenue kan, tí ará àdúgbò ò rí ọ̀nà gbé mọ́tò jáde nílé. Ṣùgbọ́n ẹnu géètì tẹ́mínà, ọgbà inú èbúté tí ọkọ̀ òkun ń sọ kọ̀ńténà sí, ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń parí sí, ibẹ̀ sì ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Tí tírélà bá ti wọlé tán, ta ló ń wo aago?

Iṣẹ́ tírélà ni mò ń ṣe. Kọ̀ńténà là ń gbé láti Àpápá lọ sí Ìkẹjà, Ọ̀tà àti Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ẹni tí ìyìn tọ́ sí. Títì Àpápá sí Òwòròǹṣòkí tí ìjọba àpapọ̀ gbé fún Dangote ní 2018, pé kó fi owó orí tó yẹ kó san ṣe é, kọnkéré ni wọ́n dà sí i, ó sì dára ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ní oṣù kejì ọdún 2021, NPA, àjọ tó ń darí èbúté, gbé ètò ìpè tírélà kan tí wọ́n sọ ní “Ètò” jáde. Onítírélà á gba àyè lórí fóònù, ọkọ̀ rẹ̀ á lọ dúró ní páàkì bíi Lilypond ní Ìjòrá títí wọn á fi pè é. Àwọn ọmọ ayé ti dá ihò sí i lára, a sì ń gbọ́ nípa àwọn tó ń ta àyè lábẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó mọ Wharf Road kí 2021 tó dé kò ní sọ pé Ètò ò ṣe nǹkan kan.

Ibi tí ọwọ́ Ètò mọ ni mo fẹ́ ká wò. Ó lè pàṣẹ fún tírélà pé kó kúrò ní páàkì. Kò lè pàṣẹ fún kírénì pé kó gbé ẹrù lé e.

Ẹni tí kò bá tíì wọ tẹ́mínà rí lè rò pé kọ̀ńténà tò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé kéèyàn ṣáà nàka sí tiẹ̀ ni. Orí ara wọn ni wọ́n ń tò wọ́n sí, mẹ́rin, márùn-ún. Tí tèmi bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ gbé àwọn tó wà lórí rẹ̀ kúrò, kí wọ́n wá ibi tí wọn yóò gbé wọn sí, kí ọwọ́ wọn tó kan tèmi. Tí àgbàlá bá ti kún, ibi tí wọ́n máa gbé wọn sí gan-an di wàhálà. Tẹ́mínà tó bá mọ̀ láti alẹ́ pé tírélà báyìí ń bọ̀ wá gbé kọ̀ńténà báyìí láago mẹ́wàá òwúrọ̀, á ti tú u jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Èyí tí kò bá mọ̀, ìgbà tí dírẹ́bà bá débẹ̀ tó na ìwé sí wọn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lè gba odidi ọjọ́ lọ́wọ́ èèyàn.

Ìyẹn náà ṣì kéré. Ohun tó burú jù ni ọkọ̀ òkun. Tí ọkọ̀ ńlá bá ti gúnlẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ńténà lé tírélà, àtẹni tó ń wà á, gbogbo wọn ló máa forí lé etí omi. Ní ọdún tó kọjá, ní tẹ́mínà kan tí n kò ní dárúkọ, dírẹ́bà mi kan wọlé láàárọ̀ pẹ̀lú ìwé tó pé pérépéré. Wọ́n ní kó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lọ́sàn-án, ó pè mí pé ẹ̀rọ ti lọ sídìí ọkọ̀ òkun. Lálẹ́, wọ́n ní nẹ́tíwọ́kì ti lọ. Abẹ́ tírélà ni òun àti mọ́tò-bọ́ì rẹ̀ sùn mọ́jú, “ẹ ṣe sùúrù” sì ni gbogbo àlàyé tí wọ́n rí gbà. Nígbà tí mo bi ọ̀gá kan níbẹ̀ pé ta ni mo lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí, ṣe ló rẹ́rìn-ín. Kò fi mí ṣẹ̀sín o, ìbéèrè náà ló yà á lẹ́nu.

Mo sì mọ ìdí tó fi yà á lẹ́nu. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ni oníbàárà tẹ́mínà. Ìwé àdéhùn wà láàárín wọn tó sọ iye kọ̀ńténà tí wọ́n gbọ́dọ̀ sọ̀ ní wákàtí kan, tí ọkọ̀ náà bá sì pẹ́ létí omi, owó ńlá ni, ariwo ńlá ni, ọkọ̀ míì sì lè yà sí tẹ́mínà ẹlòmíì lọ́jọ́ iwájú. Èmi ńkọ́? Oníṣòwò tó ni ẹrù ló háyà mi. Kò sí ìwé kankan láàárín èmi àti tẹ́mínà. Mi ò lè sọ pé mi ò wá mọ́, mi ò sì lè mú kọ̀ńténà oníbàárà mi lọ sí géètì ẹlòmíì, torí ibi tí ọkọ̀ òkun bá sọ̀ ọ́ sí náà ni a ti máa gbé e. Wákàtí ọkọ̀ òkun lówó lórí, ti tírélà, ọ̀fẹ́ ni. Ta ló sì ń ṣọ́ ohun ọ̀fẹ́ ná?

Ọ̀fẹ́ fún tẹ́mínà ni o. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún ìlú. Bí tírélà mi bá há sínú ọgbà, owó àyè tí kọ̀ńténà gbà nínú àgbàlá ń lé sí i, tẹ́mínà náà ló sì ń gbà á. Ẹ tún ọ̀rọ̀ yìí kà: ẹni tó fa ìdádúró ló ń gbowó ìdádúró. Tí a bá jáde pẹ́, tí a sì dá kọ̀ńténà òfìfo padà pẹ́, dẹ́múréèjì, owó tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ń gbà lórí kọ̀ńténà tó bá pẹ́, wà níbẹ̀ tó ń dúró de oníṣòwò. Èmi náà á fowó tèmi lé owó ìgbẹ́rù, torí tírélà tó yẹ kó ná Àpápá lójoojúmọ́ kò lè ná an ju ẹ̀ẹ̀mélòó kan lọ́sẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló máa bá ẹ̀yà ara mọ́tò dé Ládípọ̀, tó máa bá tẹlifíṣọ̀n dé Alábà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí lẹ sì máa san án láìmọ̀.

Kí n má parọ́ mọ́ tẹ́mínà, kì í ṣe wọn nìkan. Kọ́sítọ́ọ̀mù, NAFDAC, SON, NDLEA àti àwọn tó ń yẹ irúgbìn wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló lè ní kí wọ́n ṣí kọ̀ńténà, kọ̀ńténà tí wọn ìbá sì fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò ni wọ́n ń já ìlẹ̀kùn rẹ̀, tí wọ́n ń kó ẹrù sílẹ̀ páálí-páálí. Àwọn àjẹ́ńtì kan máa ń rán tírélà wọlé láìjẹ́ pé ìwé wọn pé. Àwa onítírélà náà kì í ṣe ẹni mímọ́: irin àlòkù tó yẹ kó ti wà lọ́dọ̀ àwọn onípáńda ni àwọn kan ń kó wọ èbúté, tí yóò wá takú sójú ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo ayé fẹ́ gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a ka àkókò. Tí a bá kà á ní ìpele-ìpele, láti páàkì dé géètì, láti géètì dé ìdí kírénì, láti ìdí kírénì dé ìta, olúkúlùkù á rí ibi tí ẹ̀bi tiẹ̀ wà.

Kì í ṣe àlá ni mò ń lá. Ní Sydney, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, tírélà máa ń tò sí títì níwájú èbúté Port Botany tẹ́lẹ̀ bó ṣe ń tò sí tiwa. Ní 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ New South Wales gbé ìlànà kan kalẹ̀ tó mú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tírélà tó bá pẹ́ dé, tàbí tó gba àyè tí kò wá, á san owó ìtanràn. Tẹ́mínà tó bá sì dá tírélà dúró kọjá àsìkò tí wọ́n fi lélẹ̀ á sanwó fún onítírélà. Ohun kan wà lára tírélà tí ẹ̀rọ ń kà bó bá ń wọlé àti bó bá ń jáde, torí náà kò sí pé ẹnì kan ń sọ pé òun tètè dé, tí ẹnì kejì ń sọ pé irọ́ ni. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ kì í ṣe iye owó náà. Láti ọjọ́ tí òfin náà ti bẹ̀rẹ̀, wákàtí tírélà ti di nǹkan tí oníṣirò tẹ́mínà ń rí nínú ìwé rẹ̀.

Ti Kalifọ́níà yàtọ̀, ẹni tó bá sì jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Wọ́n ṣe òfin kan níbẹ̀ ní 2002 pé tẹ́mínà tó bá jẹ́ kí tírélà dúró lórí ìlà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń tú èéfín, á san $250. Ṣùgbọ́n ìlà ìta géètì ni òfin náà ń wò, tẹ́mínà tó bá sì ti ń fún tírélà ní àyè tẹ́lẹ̀, tàbí tó fi wákàtí kún iye ìgbà tí géètì rẹ̀ fi ń ṣí, ti bọ́. Àwọn tẹ́mínà wá gbé ètò àyè kalẹ̀ kí wọ́n lè bọ́. Dírẹ́bà tó wọlé tán tó wá ń retí kírénì, òfin ò rí i. Tí àwa náà bá fẹ́ ṣe tiwa, kí a má fi inú ọgbà sílẹ̀ láìkà.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. NPA máa ń ka iye ọjọ́ tí ọkọ̀ òkun ń lò ní èbúté, ó sì ń gbé e jáde fáráyé rí. Kó ka ti tírélà náà, tẹ́mínà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, lóṣooṣù. Tẹ́mínà míì máa ń sọ tiẹ̀ fún àwọn oníròyìn, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ń máàkì ìdánwò ara rẹ̀ ni wọ́n. Nọ́ńbà tírélà ti wà lọ́wọ́ Ètò, ẹ̀rọ tí yóò kà á ní géètì àbáwọlé àti géètì àbájáde ló kù. Tẹ́mínà tó bá ti mọ nọ́ńbà tírélà àti ti kọ̀ńténà ṣáájú tún lè ṣètò pé ẹni tó gbé òfìfo wọlé kó gbé ẹrù jáde lẹ́ẹ̀kan náà, dípò kí a máa wọlé lẹ́ẹ̀mejì fún iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, kí Shippers’ Council, tí ìjọba fi ṣe olùṣàkóso ọ̀rọ̀ ajé èbúté láti 2014, pe gbogbo wa jókòó kí a fẹnu kò lórí wákàtí tó tọ́ àti owó tí ẹni tó bá kọjá rẹ̀ máa san. Ó kéré tán, kí owó àyè inú àgbàlá dúró láti ìgbà tí tírélà bá ti wọ géètì. Ìyẹn ò gba kírénì tuntun, kò sì gba ẹ̀yáwó ilẹ̀ òkèèrè.

Àwọn kan á ní rélùwéè àti báàjì, ọkọ̀ pẹrẹsẹ tó ń gbé kọ̀ńténà lórí omi, ló máa gbà wá, tàbí èbúté tuntun Lẹ́kí. Kí wọ́n wà, ó dára. Rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 dé inú èbúté Àpápá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló máa gbé kọ̀ńténà lé rélùwéè àti báàjì náà, tí ọkọ̀ òkun bá sì dé, ìlà ni àwọn náà yóò tò. Ní ti Lẹ́kí, omi rẹ̀ jìn, ó tó mítà 16.5, àwọn kírénì rẹ̀ sì jẹ́ àrímáleèlọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, kò sí ojú irin tó dé ibẹ̀, tírélà náà ló ń kó o. Kò pẹ́ kò jìnnà, ní 2025, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ irú ètò ìpè bíi ti Àpápá lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́.

Ọ̀gá Olóòtú, ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ kan láti ṣe. Ẹ máa ń tẹ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là jáde. Ẹ fi àkókò tírélà ní tẹ́mínà kọ̀ọ̀kan kún un. Títí NPA yóò fi dá wa lóhùn, àwa onítírélà lè máa kọ ìgbà tí a wọlé àti ìgbà tí a jáde ránṣẹ́ sí yín pẹ̀lú fọ́tò ìwé géètì, kí ẹ sì bi tẹ́mínà léèrè tiwọn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ rán akọ̀ròyìn wá, kó wá lọ́jọ́ tí ọkọ̀ òkun ńlá bá gúnlẹ̀, kó bá dírẹ́bà wọlé láàárọ̀, kó sì mú aṣọ ìbora dání.

Èmi ni tiyín,
Onítírélà kan, Ìjòrá, Èkó