Bọ̀dá mi, ẹ má tíì ra pọ́ǹpù yẹn o

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa lẹ wà, àwọn ọmọ ńkọ́, ara Màámi ńkọ́? Ẹ má bínú pé mi ò gbé fóònù yín lọ́jọ́ Sátidé, abẹ́ ilé ni mo wà tí mo ń tan tọ́ọ̀ṣì fún pọ́lọ́ḿbà, nígbà tí mo máa fi jáde eruku ti bò mí dójú, ẹ̀yin náà sì ti sùn. Ọ̀rọ̀ yìí gùn, kò ṣeé sọ tán lórí WhatsApp, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà bí ayé àtijọ́.

Ẹ ní omi ò gòkè mọ́ nílé Bàámi, ẹ sì fẹ́ ra pọ́ǹpù tó lágbára ju tàtijọ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná, ẹ gbọ́ ohun tójú wa rí nínú ilé tá a rà níbí, kówó má bàa bọ́ sómi.

Ilé yìí dàgbà ju èmi àtẹ̀yin lọ. Páìpù inú ẹ̀, irin tí wọ́n fi síǹkì bò ni, galvanized yẹn, irú èyí tó wà nílé Bàámi gan-an. Tírú ẹ̀ bá ti lo bí 40 ọdún sí 50, omi á ti jẹ síǹkì inú ẹ̀ tán, irin lásán á wá ku, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń wò ó lóde ò ní rí nǹkan kan o. Ohun tá a ṣáà ń rí ni pé tá a bá ṣí ẹ̀rọ láàárọ̀, omi á kọ́kọ́ pọ́n bí omi ẹrẹ̀ kó tó mọ́, tẹ́nì kan bá sì ń wẹ̀ lọ́wọ́ tẹ́lòmíì ṣí ẹ̀rọ kíṣìnì, igbe la máa gbọ́ láti balùwẹ̀. Ti omi gbígbóná ló tiẹ̀ wá burú jù, ooru kì í jẹ́ kírin pẹ́.

Ẹ wò ó, èmi náà ti fẹ́ ra pọ́ǹpù tẹ́lẹ̀! Pọ́lọ́ḿbà yìí, bàbá àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló gé páìpù kékeré kan tó sì kó o lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n yọjú wo inú ẹ̀. Háà! Ìpẹtà ti dí i, ihò tó kù níbẹ̀, agbára káká ni pẹ́ńsù fi máa gbà á kọjá. Ó ní tí mo bá gbé pọ́ǹpù alágbára ti irú páìpù báyìí, omi ò ní torí ẹ̀ pọ̀ sí i tó bí mo ṣe rò, ibi tí irin bá ti fẹ́lẹ́ jù ló máa bẹ́, ibi ìdè tí wọ́n gé eyín sí lára ẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ fẹ́lẹ́.

Kí ń tó gbọ́n, mo ti lẹ̀ ẹ́ títí ó ti sú mi. Ọ̀kan ń jò lábẹ́ síǹkì kíṣìnì, mo fi sípánà yí i, èyí tó wà nínú ògiri ló já, ilẹ̀ kún fómi, ìyàwó mi kàn ń wò mí ni kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan (ìyẹn ló dùn mí jù). Ẹnì kan tún bá wa fi páìpù bàbà pààrọ̀ ibi tó já, ó so ó mọ́ irin náà tààrà, kò pé ọdún kan tí ojú ìdè yẹn fi jẹrà. Bàbà àti irin kì í bára wọn gbé nínú omi, irin ni bàbà máa jẹ, àfi tí wọ́n bá fi ìdè tó ní rọ́bà láàárín là wọ́n.

Bá a ṣe pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ nìyẹn. PEX la lò, rọ́bà tó ṣeé tẹ̀, pupa fún omi gbígbóná, búlúù fún tútù, ìdè ò pọ̀ nínú ògiri. Ṣùgbọ́n oòrùn máa ń bà á jẹ́, eku náà sì lè gé e jẹ, torí náà ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi í sára ògiri ìta nílé Bàámi o.

Ohun tó dẹ́rù bà mí jù rèé. Kí bàbá yẹn tó gé nǹkan kan, ó bi mí pé níbo ni earthing ilé wà, wáyà tó máa ń gbé iná tó bá ṣìnà wọnú ilẹ̀. Mo ní kí ló kan páìpù omi níbẹ̀? Àṣé nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, ara páìpù omi ni wọ́n so ó mọ́! Tẹ́ ẹ bá yọ irin tẹ́ ẹ fi rọ́bà sí i, earthing ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí dọjọ́ tí fíríìjì máa gbé èèyàn. Oníná ló kọ́kọ́ wá ri ọ̀pá tiẹ̀ mọ́lẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oníná yẹ tiyín náà wò.

Kí wọ́n tó dí ògiri padà, wọ́n ti ẹnu páìpù tuntun náà pa, wọ́n jẹ́ kí omi dúró nínú ẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń jò. A tún tú asẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, ègé ìpẹtà kún ibẹ̀ bámúbámú.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ tó sún mọ́ táǹkì jù, ẹ ka ìṣẹ́jú tí bọ́kẹ́ẹ̀tì fi kún, ẹ wá lọ ka tòkè. Tí tìsàlẹ̀ bá ń tú yàà tí tòkè ń ṣe tó-tó-tó, pọ́ǹpù ò jẹ̀bi. Ẹ ní kí pọ́lọ́ḿbà gé páìpù tó gòkè yẹn bí ìka kan péré, ẹ ya fọ́tò inú ẹ̀ fún mi, ẹ má jẹ́ kó jù ú nù.

Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ ní mo ti ń jẹun dáadáa.

Èmi àbúrò yín