Ẹ̀sùn lórí ẹ̀wù òjò, báàgì àti àgọ́ "àwọ̀ igbó" tí ẹ tà fún wa

Bódìjà, Ìbàdàn,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kejì.

Sí Ọ̀gá tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Afinimọ̀nà ni wá. Àwa là ń mú àwọn tó fẹ́ wo ẹyẹ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ igbó IITA (ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn), igbó Gambari àti àyíká wọn. A ra ẹ̀wù òjò 12, báàgì àgbékọ́yìn 12, fìlà etí gbòòrò 12 àti àgọ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta 4 lọ́wọ́ yín. Lára páálí gbogbo wọn lẹ kọ ọ́ sí pé "àwọ̀ igbó" ni, pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò ní yàtọ̀ sí igi. Fìlà nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gba ẹ̀wù àti àgọ́ padà, kí ẹ dá owó wọn fún wa. Ní ti báàgì, ẹ bá wa pààrọ̀ rẹ̀. Rìsíìtì àti fọ́tò wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Ẹ̀wù ló burú jù. Àwọ̀ ewé tí ẹ fún un jẹ́ ti ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ó sì tún ní búlúù nínú. Irú ewé bẹ́ẹ̀ wà nínú igbó wa lóòótọ́, àmọ́ òkè téńté orí igi ló wà, níbi tí oòrùn ti ń kàn án. Ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀, ìtì igi aláwọ̀ eérú, ìtàkùn, ewé gbígbẹ àti òjìji ló yí i ká. Kódà ewé tútù tó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, yẹ́lò ni àwọ̀ wọn fà sí, kì í ṣe búlúù. Tí ọyẹ́ bá wá dé, láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, eruku á bo ewé, àwọn igi tíìkì Gambari á wọ́wé, gbogbo ilẹ̀ á di àwọ̀ rúsúrúsú. Ẹni tó bá wọ ẹ̀wù yín dúró láàárín tíìkì lásìkò náà dà bí ẹni tó wọ aṣọ ìnáwó lọ sóko.

Ó jọ pé ẹni tó yan àwọ̀ yìí fún yín rò pé bí nǹkan bá ṣáà ti jọ ewé, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí aṣọ ṣe mọ́ sí, tàbí bó ṣe ṣókùnkùn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tú àṣírí ẹni, kí ọ̀rọ̀ àwọ̀ gan-an tó délẹ̀. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín láìná kọ́bọ̀. Ẹ gbé ẹ̀wù náà kọ́ sára igi lábẹ́ ibòji, ẹ rìn sẹ́yìn ní ìwọ̀n ogún ìṣísẹ̀, ẹ fi fóònù yà á ní fọ́tò, kí ẹ wá sọ fọ́tò náà di aláwọ̀ dúdú àti funfun. Aṣọ tó dára, ojú á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a kiri ni. Tiyín yọ kedere, ó mọ́ ju gbogbo ohun tó yí i ká lọ. Ẹ tún un ṣe láago méje àárọ̀ àti lọ́sàn-án gangan, torí ìmọ́lẹ̀ àsìkò méjèèjì kò rí bákan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí èyí sáré lọ ṣe dúdú o. Òjìji inú igbó kì í dúdú tó aṣọ dúdú, nítorí náà orí àti èjìká ẹni tó wọ dúdú á hàn ketekete.

A mọ̀ pé lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀wù yìí jọ àwọ̀ ewé gbígbẹ. Aṣọ méjì lè jọra lábẹ́ iná kí wọ́n yàtọ̀ pátápátá lábẹ́ oòrùn, torí aró tí wọ́n pò pọ̀ sínú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ aṣọ í rà ní ọjà Gbági fi máa ń gbé e jáde síta wò kó tó sanwó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọjà igbó, ìta ló yẹ kí ẹ ti yan àwọ̀.

Ọ̀rọ̀ dídán náà tún wà ńbẹ̀. Ọ̀rá tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, ìta ẹ̀wù lẹ fi sí, inú ló yẹ kó wà. Bí oòrùn bá ti gba àárín ewé wọlé báyìí, èjìká á máa kọ mànà, bí òjò bá sì pa á, ó tún burú sí i. (Ariwo tí ọ̀rá yẹn ń pa tí apá bá kan ìhà, a ò tíì sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.) Síìpù rẹ̀ funfun, ó ń dán bíríbírí. Síìpù aláwọ̀ eérú tí kò dán wà lọ́jà. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ rán aṣọ bo èyí tó wà ńbẹ̀.

Ẹ wá sún mọ́ ojú rírán rẹ̀. Òwú funfun lẹ fi rán etí kọ́là àti ẹnu àpò, léébẹ́lì funfun sì yọ síta lẹ́yìn ọrùn. Ẹ wá iná elésè àlùkò tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó náírà wò, kí ẹ tàn án sí i nínú òkùnkùn. Òwú yẹn á máa tan búlúù yòò. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń mú aṣọ funfun kíníkíní ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń gba ultraviolet, ìmọ́lẹ̀ inú oòrùn tí ojú ènìyàn kì í rí, ó sì ń sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ búlúù. Ojú tiwa lè má ka èyí sí, àmọ́ oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta la fi ń mọ àwọ̀, mẹ́rin ni ti ẹyẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń rí ultraviolet fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹyẹ làwọn tó ń tẹ̀ lé wa wá wò. Ọ̀pọ̀ wọn ń wá ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní Ibadan malimbe, tí sáyẹ́ǹsì fún lórúkọ ní 1958, tí kò sì sí níbòmíì láyé ju gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lọ. Ẹ tún wá kọ ọ́ sí léébẹ́lì pé kí a fi ọṣẹ oníyẹ̀fun tó ń mú aṣọ funfun fọ̀ ọ́! Kẹ́míkà yìí kan náà ló sábà máa ń wà nínú irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ dúdú àti omi tútù ti tó.

Aṣọ tó ń ṣá ni pẹ̀lú. Ẹ gbé kọ́là èyí tí a ti ń wọ̀ sókè, abẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, èjìká ti di búlúù ràkọ̀ràkọ̀. Yẹ́lò inú aró ló kọ́kọ́ lọ. Ìdánwò àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 105-B02 ni wọ́n fi ń wo bí aró ṣe ń fara da ìmọ́lẹ̀, láti 1 dé 8. Lójú tiwa, aṣọ tí yóò máa wà nínú oòrùn Ìbàdàn kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 6 lọ. ISO 105-C06 ni ti fífọ̀, láti 1 dé 5, kò sì yẹ kó dín sí 4. Kò sí ìkankan nínú méjèèjì lórí ìwé ọjà yín.

Ní ti báàgì, ìdí rẹ̀ àti okùn èjìká rẹ̀ jẹ́ búlúù tó dúdú. Aṣọ búlúù àti dúdú ni àwọn tó ń gbógun ti eṣinṣin tsetse, tó ń kó àrùn oorun ranni, fi ń ṣe pańpẹ́ fún un, torí àwọ̀ méjèèjì ló ń fà á mọ́ra. Ẹtu àti ìgalà kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ pupa sí àwọ̀ ewé, àmọ́ wọ́n ń rí búlúù dáadáa. Agbe ló laró, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Kì í ṣe pé a kórìíra aró o. Àdìrẹ Ìbàdàndùn tó ya òpó Màpó sára, a ní in nílé, òde la fi ń lọ. Báàgì tí a fẹ́ gbà dípò rẹ̀ ni aláwọ̀ ilẹ̀ tó fà sí eérú, irú àwọ̀ fìlà yín gan-an.

Ẹ fi ṣòkòtò ṣọ́jà méjì ṣe èènì fún wa. Ẹ gba èènì yín. Abala 110 nínú Criminal Code, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn, kò fàyè gbà á kí ẹni tí kì í ṣe ológun wọ aṣọ tó jọ ti ológun láìgba àṣẹ. Kí ènìyàn wọ ọ́ kọjá lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò lọ́nà Ìjẹ̀bú Òde, aṣọ tó fẹ́ fi fara pamọ́ fún ẹyẹ ló máa fa ojú ṣọ́jà sí i lára. A ò tilẹ̀ nílò rẹ̀. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé gbígbẹ pẹ̀lú ṣòkòtò rúsúrúsú tó ṣókùnkùn jù ú lọ ti pín ara sí méjì, ojú kò ní tètè rí i bí ènìyàn.

Ti àgọ́ kò pọ̀. Ìta rẹ̀ ṣeé fara mọ́ lásìkò òjò, àmọ́ okùn tí ẹ fi ń dè é mọ́lẹ̀ ń kọ mọ̀nà tí tọ́ọ̀ṣì bá ti kàn án, aṣọ inú rẹ̀ sì funfun tó bẹ́ẹ̀ tí àtùpà kékeré kan á fi sọ gbogbo rẹ̀ di fìtílà. Ohun kan wà tí ẹ yọ kúrò tí kò yẹ kí ẹ yọ: aṣọ olómi ọsàn tí a lè tú sílẹ̀ nígbà ìṣòro, tàbí tí a bá gbúròó ọdẹ nítòsí. Àtiṣọ́ ẹyẹ yàtọ̀ sí àtifara pamọ́ fún ìbọn. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta níbùú lóròó tó, kí ó ní àpò tó ń wọ̀ ọ́ tí a kò bá lò ó.

A ń retí owó ẹ̀wù àti ti àgọ́, pẹ̀lú báàgì tuntun, láàárín ọjọ́ 14 tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Kí ẹ tó kó báàgì náà wá, ẹ kọ́kọ́ fi àjákù aṣọ rẹ̀ tó tó àtẹ́lẹwọ́ ránṣẹ́, a ó gbé e wọ igbó wò. Ẹ tún yọ "àwọ̀ igbó" kúrò lára páálí ẹ̀wù títí ẹ ó fi pààrọ̀ aró rẹ̀. Bí a kò bá gbọ́ nǹkan kan, a ó gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, lábẹ́ òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, àti fọ́tò, àti ẹ̀wù méjì tí a kò tíì wọ̀ rí.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,

Àwọn afinimọ̀nà inú igbó,
Ìbàdàn.