Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ má fi Wi-Fi yín sórí ìkànnì 3

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àdúrótì wa.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń pè wá pé Wi-Fi ń falẹ̀ lálaalẹ́, nígbà tí gbogbo aládùúgbò bá ti wọlé. Kí ẹ tó ra ráútà tuntun, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi nínú ilé (àwa náà là ń tà á, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ ná), ẹ yẹ ìkànnì tí èyí tí ẹ ní ń lò wò, ìyẹn ojú ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà lórí afẹ́fẹ́.

Lórí 2.4 GHz, ọ̀kan nínú àwọn ìgbì rédíò tí Wi-Fi ń lò, ìkànnì 1 sí 11 ló sábà máa ń wà. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ń lò ó dé 13. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn tàn yín jẹ. MHz 5 péré (MHz ni a fi ń wọn fífẹ̀ àyè yìí) ni ìkànnì kan fi jìnnà sí èkejì, Wi-Fi sì ń gba àyè tó tó MHz 20. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ 1, 6 àti 11 là ń lò: wọn kì í kan ara wọn.

Ẹlòmíì á rí i pé èrò ti kún orí 1 àti 6, á wá sá lọ sórí 3 torí pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló burú jù. Àwọn ráútà tó jọ wà lórí ìkànnì kan náà ń gbọ́ ara wọn: ọ̀kan á dákẹ́ kí èkejì parí ọ̀rọ̀. Èyí tó wà lórí 3 kò lóye ohun tí ti 1 tàbí ti 6 ń sọ; ariwo lásán ló ń gbọ́, òun náà sì ń pariwo lé wọn lórí. Ohun tó fi ránṣẹ́ á bàjẹ́, á tún un fi ránṣẹ́. Ẹ kúkú bá aládùúgbò pín 6, pàápàá bí àmì tirẹ̀ kò bá lágbára níbi tí ẹ wà.

Bí ráútà bá bi yín bí ìkànnì ṣe máa fẹ̀ tó, ẹ má lo MHz 40 lórí 2.4 GHz o. 20 ti tó.

Àyè pọ̀ dáadáa lórí 5 GHz, ìgbì mìíràn tí Wi-Fi ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ògiri tètè ń dá a dúró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìkànnì 36, 40, 44 tàbí 48. Bí ẹ bá mú 52 tàbí 100, tí Wi-Fi sì pòórá, ẹ má bẹ̀rù: rédà (ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá ohun tó wà lókèèrè) ń lo ibẹ̀, ráútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́tí bóyá rédà wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán.

Bí ẹ bá fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà, tó ṣì ń falẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìkànnì mọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ pè.