Akọ̀ròyìn ni Romulo, ẹ má yọ ọ́ kúrò

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ojú ewé ìtàn tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá bí mi nínú. Ìlà mẹ́rin péré lẹ fún Carlos P. Romulo ará Filipínì, àṣìṣe méjì ló sì wà níbẹ̀. Ẹ pè é ní ará Éṣíà àkọ́kọ́ tó jẹ Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Kò jẹ ẹ́ rí. U Thant ará Burma ni, ní 1961. Romulo du ipò náà ní 1953, ìbò rẹ̀ kò tó, Dag Hammarskjöld ará Sweden ló gbà á. Ààrẹ Àpéjọ Gbogbogbò Àjọ náà, níbi tí gbogbo orílẹ̀-èdè ti ń jókòó, ni Romulo jẹ, ìjókòó kẹrin, láti oṣù Kẹsàn-án 1949. Àga yẹn náà ni Joseph Garba tiwa jókòó lé ní 1989. Bí ẹnì kan bá pe Garba ní Akọ̀wé Àgbà, ṣé ẹ ó tẹ̀ ẹ́ jáde?

Èkejì ló dùn mí jù: ẹ kò sọ rárá pé akọ̀ròyìn ni. Ìwé ìròyìn lẹ̀ ń ṣe, ẹ wá gbàgbé akọ̀ròyìn! Olóòtú Philippines Herald ní Manila ni, kó tó di ẹni tó ń darí ìwé ìròyìn mẹ́rin lábẹ́ òrùlé kan, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Spanish àti Tagalog. Ní 1941, kí Jàpáànù tó kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, ó rin Hong Kong, Ṣáínà, Burma, Thailand, Indochina àti Singapore já, títí dé Batavia tí à ń pè ní Jakarta lónìí. Ohun tó kọ kò dùn mọ́ àwọn amúnisìn nínú: ó ní àwọn ọmọ onílẹ̀ kò rí ìdí tí wọ́n á fi kú fún ẹni tó fi òmìnira dù wọ́n. Hong Kong bọ́ sọ́wọ́ Jàpáànù lọ́jọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún náà, Singapore lọ́jọ́ 15 oṣù Kejì 1942, Batavia bọ́ ní oṣù Kẹta. Ìrìn àjò yẹn ló gba Pulitzer ti 1942 fún un, ẹ̀bùn ńlá tí Amẹ́ríkà ń fún akọ̀ròyìn.

Bí ẹ bá yọ ìròyìn yẹn kúrò, iṣẹ́ aṣojú tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò ní yé ẹnikẹ́ni. Ní San Francisco ní 1945, níbi tí wọ́n ti kọ ìwé àdéhùn tó dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀, "ìṣàkóso ara ẹni" ni àwọn amúnisìn fẹ́ kọ sínú rẹ̀. Romulo wà lára àwọn tó fàáké kọ́rí pé "òmìnira" gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ Filipínì fúnra rẹ̀ kò tíì gbòmìnira, ó di ọjọ́ 4 oṣù Keje 1946. Ọ̀rọ̀ náà wọ abala 76, tó kan ilẹ̀ tí Àjọ náà fi sábẹ́ àbójútó orílẹ̀-èdè míì, bíi Togo àti Kamẹrúùnù. Kò wọ abala 73, tó kan àwọn ilẹ̀ amúnisìn yòókù, níbi tí Nàìjíríà wà nígbà náà. Ẹni tó ti fi àtúnṣe ìròyìn ṣiṣẹ́ jẹun mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè dá sílẹ̀.

Àwọn aláṣẹ tó ń ṣètò ìwé ẹ̀kọ́ kò sàn jù yín lọ. Wọ́n á ka àwọn olórí tó wà ní Bandung 1955, ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà àti Áfíríkà, bí ẹní ń ka oríkì, Nehru ti Íńdíà, Nasser ti Íjíbítì, Sukarno ti Indonesia, wọ́n á fo ẹni tó ṣáájú ikọ̀ Filipínì lọ síbẹ̀. Owó oṣù ni wọ́n mọ̀.

Àbá mi rèé. Kí orúkọ olóyè kankan tó wọ ojú ewé ìtàn, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: àga wo? ta ló fi í síbẹ̀? láti ìgbà wo sí ìgbà wo? Ẹ wò ó lórí Romulo. Ààrẹ Àpéjọ: gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń dìbò, fún ìjókòó kan. Akọ̀wé Àgbà: Ìgbìmọ̀ Ààbò ló ń dábàá orúkọ, bí ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tó ní agbára ìtakò bá kọ̀, ó tán nìyẹn, lẹ́yìn náà ni Àpéjọ á yàn án. Ààrẹ Ìgbìmọ̀ Ààbò, tí Romulo náà jẹ ní 1957: kò sẹ́ni tó ń dìbò, oṣooṣù ló ń yí ká bí lẹ́tà orúkọ orílẹ̀-èdè bá ṣe tò ní Gẹ̀ẹ́sì. Aṣojú Filipínì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, 1944 sí 1946: ó lè sọ̀rọ̀, kò lè dìbò. Ẹni tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní fi àga kan pe òmíràn. Kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ akọ̀ròyìn náà, kí wọ́n kọ́ni ní ìrìn 1941 yẹn.

Bí ẹ bá sì ń tún un kọ, ẹ má fi ti Marcos, ààrẹ Filipínì tó fi òfin ológun ṣèjọba, pa mọ́. Romulo ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè láti 1968 sí 1984, òfin ológun 1972 bá a níbẹ̀, kò sì kúrò. Ìyẹn náà wà lára ìtàn rẹ̀. Ẹ tẹ àtúnṣe náà sí ojú ewé ìtàn gan-an, kì í ṣe abẹ́ ìkéde ìsìnkú.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn