Ẹni Tó Yí Orúkọ Padà Ni Kó Ru Ẹrù Rẹ̀

Sí Olóòtú,

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ìwé ìròyìn kì í gbé ìkéde àwọn tó yí orúkọ padà jáde, ìbáà jẹ́ nítorí ìgbéyàwó tàbí àṣìkọ, gbólóhùn kan kì í sì í yẹ̀ níbẹ̀: gbogbo ìwé ẹ̀rí àtẹ̀yìnwá ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Gbólóhùn yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bójú tó sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún tọmọdé tàgbà máa ń gbàgbé, bí wọ́n bá ń yí orúkọ package wọn, ìyẹn àkójọ kóòdù tí àwọn ẹlòmíràn ń yá lò, padà.

Ẹ wo ọ̀ràn Java EE, àkójọ ìlànà àti irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ètò ńláńlá fún ilé-iṣẹ́ ní èdè kọ̀ǹpútà Java. Lọ́dún 2017, ilé-iṣẹ́ Oracle kéde pé òun yóò fà á lé àjọ Eclipse Foundation lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò yọ̀ǹda orúkọ Java. Ní 2018, iṣẹ́ náà di Jakarta EE. Ní 2019, ìjíròrò àwọn méjèèjì lórí javax, ọ̀rọ̀ tó ń ṣáájú orúkọ àwọn package rẹ̀, forí ṣánpọ́n, àjọ náà kò sì lè ṣe àtúnṣe sí package tó bá ṣì ń jẹ́ javax. Nígbà tí Jakarta EE 9 fi jáde ní ìparí 2020, javax.servlet ti di jakarta.servlet. Lójú Java, ohun tí orúkọ rẹ̀ bá ti yàtọ̀, nǹkan mìíràn pátápátá ni. Ètò tí a kọ fún Tomcat 9, ẹ̀dà kan nínú sọ́fítíwíà tó ń gbé ètò wẹ́ẹ̀bù Java ṣiṣẹ́, kò lè ṣiṣẹ́ lórí Tomcat 10 àfi tí a bá kọ́kọ́ tún àwọn orúkọ wọ̀nyí ṣe, nínú kóòdù tiwa àti nínú gbogbo láíbìrì tí a yá lò. Ẹni tó bá sì fi jakarta rọ́pò javax níbi gbogbo ń fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà, nítorí javax.sql àti javax.crypto, tó jẹ́ ti Java fúnra rẹ̀, kò yẹsẹ̀.

N kò dá Eclipse lẹ́bi. Ọ̀ràn ẹ̀tọ́ orúkọ ló ká wọn lọ́wọ́ kò. Mo tilẹ̀ gbóríyìn fún wọn pé wọn kò kó iṣẹ́ tuntun mọ́ àyípadà orúkọ náà, kí ẹni tí ètò rẹ̀ bá dákú lè mọ ibi tí yóò wò. Àwọn olùtọ́jú Tomcat náà ṣe dáadáa: wọ́n kọ irinṣẹ́ kan tó ń tún orúkọ inú ètò àtijọ́ ṣe, débi pé èyí tí a bá gbé sínú fódà webapps-javaee, Tomcat 10 ni yóò yí i padà fúnra rẹ̀.

Àwọn tí mo ń bá wí ni àwọn tí nǹkan kan kò ká lọ́wọ́ kò, tí orúkọ àtijọ́ kàn sú, tí wọ́n sì pa á rẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Debian, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux, padà sí orúkọ Firefox fún aṣàwákiri wẹ́ẹ̀bù tó ti ń pè ní Iceweasel ní 2016, kò pa package iceweasel rẹ́; ó sọ ọ́ di òfìfo tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fa Firefox wọlé. Pillow, láíbìrì fún iṣẹ́ àwòrán tó jogún èyí àtijọ́ tó ń jẹ́ PIL nínú èdè kọ̀ǹpútà Python, ńkọ́? Nínú kóòdù, PIL náà ni a ṣì fi ń pè é títí di òní.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí orúkọ àtijọ́ ṣì máa darí ètò sí tuntun fún ẹ̀dà ńlá kan, ó kéré tán, kí ìkìlọ̀ máa jáde nígbàkígbà tí a bá lò ó, kí a sì kọ ẹ̀dà tí orúkọ àtijọ́ náà yóò ti kásẹ̀ nílẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn