Lẹ́tà sí Bàbá Kékeré: ẹ má jẹ́ kí wọ́n wó ilé ìwé abúlé wa

Bàbá kékeré,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àníyàn abúlé. Mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi pé ẹbí ti fohùn ṣọ̀kan láti wó ilé ìwé àtijọ́ tó wà lójú ọ̀nà Orè, kí wọ́n fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin ni olórí ẹbí, n kò sì lè jókòó sí Àkúrẹ́ kí n máa bá yín jiyàn lórí fóònù. Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé, mo sì kọ ọ́ síta kí àwọn tí irú ilé ìwé yìí ṣì kù lábúlé tiwọn lè bá wa gbọ́. Mo kúnlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wó o.

Ẹ̀yin náà lẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. Kí ìjọba Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, 1955, owó kòkó ni wọ́n fi ń rán ọmọ nílé ìwé. Bí kòkó ò bá so, oko lọmọ ń lọ. Lọ́dún náà, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ti nǹkan bí 457,000 di 811,000 ó lé. Ìjọba nìkan kò lè kọ́ yàrá tó máa gba gbogbo wọn, abúlé bíi tiwa ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ tiẹ̀. Bàbá àgbà àtàwọn ẹgbẹ́ wọn bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn obìnrin pọnmi, àwọn ọkùnrin fẹsẹ̀ gún amọ̀, wọ́n mọ ìpele kan, wọ́n dúró kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ewé gbọ̀dògì ni wọ́n kọ́kọ́ fi bò ó kí páànù tó dé.

Yàrá kan, tíṣà kan. Bí àwọn kan ṣe ń ka ábídí níhìn-ín, àwọn kan kẹ̀yìn sí wọn, wọ́n ń ṣe ìṣirò. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ibẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀ṣì, tíṣà náà ló ń wàásù.

Mo débẹ̀ nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Ara ògiri gan-an ni bọ́ọ̀dù wà, èédú gígún tí wọ́n pò mọ́ omi ewé ni wọ́n fi kùn ún. Mo fọwọ́ pa á, dúdú náà ṣì ń dán. Lápá òsì rẹ̀, ipa ìka ẹni tó rẹ́ ògiri náà ṣì hàn, ìka mẹ́rin tó wọ́ lọ gbọọrọ títí dé ojú fèrèsé. Ó pẹ́ kí n tó lè kúrò níbẹ̀.

Wọ́n ní ilé ti gbó. Bàbá, ọjọ́ orí kọ́ ló ń pa á, omi ni. Páànù ti ṣí níbi igun kan, òjò wá ń já lu orí ògiri. Ikán sì ti wọ igi àjà. Ìwọ̀nyí ṣeé tún ṣe. Tí bíríkìlà bá ní òun yóò fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ẹ má gbà. Omi tí amọ̀ fà láti ilẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde lẹ́yìn sìmẹ́ńtì, yóò rọ ògiri, sìmẹ́ńtì á sì ré bọ́ tòun tamọ̀. Amọ̀ ni kí wọ́n fi tún amọ̀ ṣe. Kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà yí ìsàlẹ̀ ká.

Àwọn ará Ìdànrè ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè láàrin 1923 sí 1933, síbẹ̀ ilé ìwé àtijọ́ tó wà lókè lọ́hùn-ún wà lára ohun tí àlejò ń gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lọ wò. Tiwa kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lẹ ti kọ́ bí ẹ ṣe ń kọ orúkọ yín.

Èmi àtàwọn ẹ̀gbọ́n mi yóò ra páànù àti igi. Ilẹ̀ wà lódìkejì títì fún ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni kí ẹ dá ọjọ́ ọ̀wẹ̀ kí òjò oṣù kẹta tó dé, kí ẹ sì fún mi láyè kí n gba ohùn yín sórí fóònù: ta ni tíṣà àkọ́kọ́, kí lẹ fi ń lu agogo, àwọn wo lẹ jọ jókòó.

Mò ń retí èsì yín kí ẹbí tó tún jókòó.

Ọmọ yín obìnrin,
Àkúrẹ́