Ẹ Wọn Ibi Tí Ẹsẹ̀ Máa Gbà Kí Ẹ Tó Wọn Bẹ́ẹ̀dì

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, kò ní rẹ̀ yín. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde nípa bí èèyàn méjì ṣe lè máa sùn nínú yàrá kékeré kan, inú mi dùn pé ẹ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yẹn torí àwọn tó ń bá a fà á pọ̀ gan-an, àmọ́ ibi tí ẹ ti ní bọ́ńkì, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì méjì tí wọ́n kàn léra wọn lórí, ni kí gbogbo ẹni tí yàrá ẹ̀ bá há lọ kàn, ibẹ̀ ni mi ò ti bá yín lọ. Káfíńtà ni mí, bẹ́ẹ̀dì ni mo sì ń kàn jù. Tó bá jẹ́ tówó ni, ó yẹ kí n máa polówó bọ́ńkì kiri, ṣùgbọ́n èmi náà ni wọ́n máa ń pè wálé nígbà tí bẹ́ẹ̀dì bá wọlé tán tí yàrá ò sì gba èèyàn mọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀dì lèèyàn kọ́kọ́ ń rò. Bẹ́ẹ̀dì méjì á wọlé, wọ́dúróòbù á wọlé, ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé ilẹ̀kùn ò ṣí dé ìdajì, pé ẹni tó sùn lápá ògiri gbọ́dọ̀ gba orí ẹnìkejì kọjá tó bá fẹ́ lọ tọ̀ lóru. Tí ẹ bá rí èèyàn méjì tó ń bínú síra wọn lójoojúmọ́ nínú yàrá kan, ẹ má tíì pè é ní ìwà, ẹ kọ́kọ́ wo bí bẹ́ẹ̀dì wọn ṣe wà.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá tó jẹ́ fíìtì 10 níbùú fíìtì 10 lóròó. Bẹ́ẹ̀dì ẹnìkan tó wọ́pọ̀, fíìtì 3 ni fífẹ̀ ẹ̀, gígùn ẹ̀ á jẹ́ fíìtì 6 àti ínṣì 3. Tí ẹ bá gbé ọ̀kan sára ògiri ọ̀tún kí ẹ gbé ìkejì sára ògiri òsì, fíìtì 4 ló kù láàárín, àwọn méjèèjì lè dìde lẹ́ẹ̀kan náà láìkọlu ara wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní onífíìtì 4 lẹ fẹ́ o, fíìtì 2 péré ló kù yẹn, èmi ò sì ní gbà kó dín ní fíìtì 2 láéláé torí ẹni tó fẹ́ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹni tó fẹ́ wọ ṣòkòtò gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀. Fóòmù nìkan ni mo sì ṣírò yẹn o, pákó tó yí i ká á tún fi ínṣì díẹ̀ kún un.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún yàrá tó dọ́gba báyẹn ni pé kí ẹ tò wọ́n bíi lẹ́tà L. Ọ̀kan á nà sára ògiri ẹ̀yìn, ìkejì á bẹ̀rẹ̀ níbi tí fífẹ̀ ti àkọ́kọ́ parí sí, á wá nà sára ògiri ẹ̀gbẹ́. Fíìtì 3 ti àkọ́kọ́, fíìtì 6 àti ínṣì 3 ti ìkejì, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ fíìtì 9 àti ínṣì 3, ògiri onífíìtì 10 gbà á. Ilẹ̀ tí bẹ́ẹ̀dì méjèèjì gbà ò yàtọ̀ sí tàkọ́kọ́ o, ohun tó yàtọ̀ ni pé ibi tó ṣófo á kóra jọ sójú kan, fíìtì 7 sí fíìtì 7, dípò kó rí tóóró bí ọ̀nà tó gba àárín ilé méjì kọjá. Ọmọ lè jókòó ṣeré níbẹ̀, àgbà lè gbé tábìlì síbẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Ìdí bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ á tún ku fíìtì 3 àti nǹkan sí ògiri kejì, wọ́dúróòbù máa wọ ibẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ yàrá tóóró ni, ẹ to méjèèjì tẹ̀lé ara wọn lára ògiri kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ògiri yẹn gbọ́dọ̀ tó fíìtì 13.

Ilẹ̀kùn ló máa pinnu èyí tó ṣeé ṣe nínú gbogbo ẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá sábà máa ń tó fíìtì 2 àti ààbọ̀ ní fífẹ̀, gbogbo ibi tó bá gbá kọjá nígbà tó bá ń ṣí, nǹkan kan ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, ti wọ́dúróòbù náà bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi bẹ́ẹ̀dì dí fèrèsé o, torí tí iná bá sọ lápá ilẹ̀kùn, fèrèsé yẹn lọ̀nà àbáyọ tó kù. Tí ọmọdé bá sì wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé bẹ́ẹ̀dì sábẹ́ fèrèsé rárá, ọmọ á gùn ún, nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé ò lè dá ọmọ dúró, okùn tí wọ́n fi ń fa bùláìǹdì tó ń bo fèrèsé sì lè fún un lọ́rùn.

Ti orí náà wà ńbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orí àwọn méjèèjì pàdé ní kọ́nà, ibi tí ẹnìkan bá kọrí sí ni kí ẹnìkejì na ẹsẹ̀ sí. Àwọn elétò ìlera máa ń sọ ọ́ fún ibi tí èèyàn ti ń sùn pọ̀, torí ikọ́ àti òtútù máa ń tètè ràn láàárín àwọn tó ń mí síra wọn lójú mọ́jú.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi àwọn tó bá ní kí n wá to yàrá, ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu: ta ló ń kọ́kọ́ jí? Ẹni yẹn ni kó sùn nítòsí ilẹ̀kùn kó lè jáde láì jí ẹnìkejì. Ẹni tó bá ń kàwé títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa, ẹ wá iná kékeré fún un kó má tan ti òkè. Kí kálukú ní sókẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, kó ní pákó kékeré lára ògiri tó lè gbé nǹkan ẹ̀ lé. Ẹ má sọ pé àbúrò ni, kó lọ sùn níbikíbi, torí àbúrò náà ń gbé nínú yàrá yẹn ni, kò wá ṣe àlejò.

Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò kí ẹ tó náwó, ẹ fi tépù wọn ilẹ̀, ẹ to ìwé ìròyìn àtijọ́ sílẹ̀ ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ wá máa rìn láàárín ẹ̀ bí ẹni pé òru ni tí iná ò sì sí. Kíá lẹ máa mọ̀.

Ó wá ku bọ́ńkì. Mi ò ní kéèyàn má kàn án, yàrá míì wà tí kò sí ọ̀nà míì. Ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe yẹ kó rí, ẹ ò sì sọ ọ́. Ọmọ tí ò bá tíì pé ọdún 6 ò gbọdọ̀ sùn lókè. Amẹ́ríkà ní òfin lórí bọ́ńkì láti ọdún 2000, òfin yẹn ní igi ìdènà gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì lókè, tó fi mọ́ apá ògiri, torí ọmọ lè yọ́ há sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri kó má lè mí. Orí igi yẹn gbọ́dọ̀ fi ínṣì 5 ga ju ojú fóòmù lọ, ó kéré tán. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ṣì í o, káfíńtà á kan igi tó dáa, wọ́n á wá ra fóòmù gìdìgbà lé e lórí, fóòmù á gbé igi mì. Bẹ́ẹ̀ ni fáànù òkè, tí ọwọ́ ẹni tó jókòó lókè bọ́ńkì bá lè tó o, ẹ yọ fáànù yẹn tàbí kí ẹ gbé bọ́ńkì kúrò lábẹ́ ẹ̀.

Olóòtú, ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí ni pé bàbá kan gé ojú ìwé yẹn nínú ìwé ìròyìn yín, ó mú un wá síbi iṣẹ́ mi, ó ní irú ẹ̀ gẹ́lẹ́ lòun fẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló máa sùn lókè, ọdún 4 ni ẹ̀gbọ́n náà. Bẹ́ẹ̀dì kéékèèké méjì la padà kàn fún un, a tò wọ́n bíi L. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ ọdún 6 yẹn àti ti igi ìdènà sínú ìwé ìròyìn yín tó ń bọ̀, kó wà lójú ìwé kan náà tí ti àkọ́kọ́ wà, torí kì í ṣe gbogbo àwọn tó gé e ló máa gba ọ̀dọ̀ mi kọjá.

Èmi ni,
Káfíńtà tó ń ka ìwé ìròyìn yín